Eyín Kì í Ṣe Ẹyin

Láti ẹ̀yìn ẹṣin ni eyín ti bọ́.
Ẹṣin pupa, tí kò tíì mọ ìjánu,
gbọn Zolboo nù bí ẹni gbọn ẹní,
ó sì fi ẹnu gún òkúta.

Pápá Mòǹgólíà kò ní igi tí èèyàn lè dì mú.
Koríko ni, afẹ́fẹ́ ni,
àti ọmọ ọdún mọ́kànlá tó fi ọwọ́ bo ẹnu,
tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàrin ìka rẹ̀.

Mo ní, "La ẹnu." Ó là á.
Àlàfo kan wà níwájú, lókè,
bí ẹnu àgọ́ tí wọ́n gbàgbé láti tì.
Kì í ṣe eyín àkọ́hù. Ìyẹn ti ká tipẹ́;
a fi ọ̀rá àgùntàn wé e, a sọ ọ́ fún ajá,
kí tuntun lè le bí ti ajá.
Tuntun náà nìyí.
Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá wa Dulmaa ti wà lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tú koríko wò.
Ó rí i. Ó fa etí aṣọ rẹ̀ yọ láti nù ún.
Mo kígbe mọ́ ọn, èmi tí n kì í gbóhùn sókè sí i:
"Má nù ún! Má fọwọ́ kan gbòǹgbò!
Ibi tó funfun ni kí o dì mú."
Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ẹyin ló ń balẹ̀ tí kì í ṣeé kó.
Eyín kì í ṣe ẹyin.

Mo fẹ́ tì í padà sáyè rẹ̀, Zolboo kò gbà,
gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.
Wàrà dà? Wàrà kún ilé,
àpò awọ kan gbáko, ṣùgbọ́n kíkan ni,
kíkan a sì máa pa ohun tó ṣì wà láàyè lára gbòǹgbò.
Mo sáré bá màálù. Mo fún un sínú ife,
eyín rì sísàlẹ̀, a kò rí i mọ́.

Ta ló kọ́ mi? Gombo ni, ẹ̀gbọ́n mi,
kò sì mọ̀ pé òun ń kọ́ mi.
Ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú nígbà òtútù, a rẹ́rìn-ín,
a ní ó kó ẹran pamọ́ sẹ́nu.
A fi iyọ̀ gbígbóná kàn án. A fún un ní ọtí.
Ní ọjọ́ kẹta wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn,
ara rẹ̀ gbóná bí ààrò,
ẹnu kò là mọ́, kò lè gbé itọ́ mì.
Dulmaa ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́."
Ilẹ̀ mọ́.

Oyunbileg, dókítà eyín, kò bá wa jà.
Ó kàn jókòó tì mí, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀:
èyí tó lè dúró dọ̀la, èyí tí kò lè dúró,
èyí tó bọ́, èyí tó kán.
Mo ń sunkún, mo sì ń gbọ́.

Nítorí náà, mi ò dúró. Alùpùpù ni,
kìlómítà méjìdínlógún, Zolboo lẹ́yìn mi,
ó fi eyín tó kù gé aṣọ mímọ́ mọ́lẹ̀,
ife nínú àyà mi, tí mo fi ọ̀rá dé lẹ́nu.

Oyunbileg tì í padà. Ó fi wáyà tín-ín-rín
so ó mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀.
"Ó lè dúró," ó ní. "Ó sì lè má dúró.
Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀,
Dulmaa ń gbé ife wàrà tútù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kíkan.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún.
Kò sọ ìdí, a kò sì bi í.
Nírọ̀lẹ́, ajá ló ń lá a.