Létí Omi Yẹ́lwà

Mọ́kànlá la wọ ọkọ̀ Jatau.
Ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Sai Allah,"
kò sọ pé òjò ń bọ̀, kò sọ pé kò ní í rọ̀.

Erékùṣù kìíní: àlùbọ́sà tí wọ́n sá sórí àpáta.
Ìkejì: igi kan péré, lékèélékèé bò ó.
Abíọ́nà ń ka ewúrẹ́ etí omi;
ó ka méje, ìlà-oòrùn ṣú.

"Ilé bàbá mi wà nísàlẹ̀ yìí," Jatau wí,
ó rọra gbé àjẹ̀ sókè
bí ẹni tí kò fẹ́ kan òrùlé.

Ìjì gba fìlà Tísà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
A ṣẹ́rí padà síbi àlùbọ́sà:
ìyá kan ń dá kó o.
Kò pè wá.
Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀.

Òjò ò kúkú rọ̀.
Òórùn àlùbọ́sà ò kúrò lọ́wọ́ wa di ọ̀túnla.