Irin Tí Ìka Òsì Ń Fà

Kuwabara tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì ìsọ̀ rẹ̀,
ó gbé méjèèjì kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ ìkókó.
Ìrì dídì ń já bọ́ sórí èbúté Otaru,
èémí wa ti bo gíláàsì fèrèsé, a ò rí ọkọ̀ kankan mọ́.
"Màmá Shizue," ó ní, "èwo lẹ ó mú?"

Ọ̀kan ní ẹ̀rọ nínú, bátìrì mẹ́rin ló ń jẹ.
A ó so ó mọ́ ìdí kámẹ́rà, a ó tẹ bọ́tìnnì,
á kùn bí oyin, fíìmù á ti sún síwájú,
bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í gbọ́ iṣẹ́ tán kó tó sáré.
Ìkejì kò ní nǹkan kan nínú:
irin pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀
tí ìka òsì yóò máa fà.

Ǹ bá má tilẹ̀ wá síbẹ̀ rárá.
Ogójì ọdún ni mo fi àtàǹpàkò ọ̀tún ká fíìmù.
Mo ń ká a, mo ń kà á,
ení, èjì, títí dé mẹ́rìndínlógójì.
N kì í wo nọ́ńbà; àtàǹpàkò mi mọ iye tó kù
bí ọwọ́ ti ń mọ iye ìrẹsì tó kù nísàlẹ̀ àpò.
Ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ ti wú.
Láàárọ̀, kì í tẹ̀ mọ́.
Dókítà ní kí n sinmi. Mo ní,
ta ni yóò bá mi ya àwọn apẹja?

Mo yá ẹ̀rọ yẹn lò lóṣù tó kọjá.
Aago márùn-ún ìdájí, òtútù ń bu etí ẹni jẹ,
àwọn ọkùnrin ń tú ẹja ṣáwá kúrò nínú àwọ̀n,
ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ wọn lápá bí owó wẹ́wẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kùn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kùn.
Nígbà kọkànlá, Nishimori àgbà gbójú sókè,
ojú tó wà lọ́dọ̀ ẹja wá sọ́dọ̀ mi,
ó sì ti ara rẹ̀ pa.
Nígbà kẹrìndínlógún, bátìrì kú.
Mo délé, mo fọ fíìmù náà:
mànàmáná kéékèèkéé ló wà lára rẹ̀,
bí ẹ̀ka igi tí kò léwé.
Kuwabara ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, àti eré àsápajúdé,
wọ́n ló mú kí fíìmù ta iná sí ara rẹ̀.

Ó yẹ kí n kórìíra rẹ̀. N kò kórìíra rẹ̀.
Nítorí ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án wà níbẹ̀:
ọmọ Nishimori ń yọ̀ ṣubú lórí yìnyín,
ẹsẹ̀ méjèèjì lókè, agbọ̀n lófuurufú,
ẹja méje tò sókè orí rẹ̀.
Àtàǹpàkò mi kì bá ti bá a.
Ẹ̀rín pa mí nínú yàrá dúdú.

Mo fi ìka òsì fa irin náà. Ó dún ṣàká, ó dákẹ́.
Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo kọjú rẹ̀ sí Kuwabara.
Nínú ihò kékeré yẹn, òun àti òjìji rẹ̀ ń wá ara wọn,
imú méjì, awò ojú méjì,
títí wọ́n fi wọ inú ara wọn, ó di Kuwabara kan ṣoṣo.
Mo ya á. Mo fà á. Ṣàká.
Láàárín yíya àti fífà, ààyè kan wà
tí kò ju èémí kan lọ.
Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bi ara mi
bóyá ó yẹ kí n tún ya á.
Ẹ̀rọ kì í béèrè. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Mo san owó irin. Ó wọ́n ju ẹ̀rọ lọ,
Kuwabara tiẹ̀ ń wolẹ̀ nígbà tó dárúkọ iye.
Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo wọ bàtà, mo padà:
"Ẹ̀rọ yẹn, má tíì tà á o.
Ọmọ Nishimori kò tíì mọ yìnyín rìn."