Ọ̀nà Tó Yí Po

Dókítà ní kí Bàbá máa rìn, kí wọ́n má kánjú.
A bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn afárá Apẹ̀tẹ̀,
ìrì ṣì wà lórí ewé kókò,
bàtà rọ́bà wọn ń dún ṣọ̀ọ̀-ṣọ̀ọ̀.

Ọ̀nà lorúkọ odò, ọ̀nà la sì ń tọ̀;
odò ò bi wá léèrè ibi tí à ń lọ.
Bàbá tó fi ṣéènì wọn ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún
ń ka ìṣísẹ̀ sínú.
Wọ́n dúró nídìí ọparun:
"Òkúta ààlà kan wà níbí. Odò ti jẹ ẹ́."
Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a pa láyò.

Ọmọkùnrin kan ń fọ ọ̀kadà nínú omi,
ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kànìnkànìn lọ́wọ́.
Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta kọjá, wọn ò kí ẹnikẹ́ni.

A yà níbi oko ẹ̀gẹ́,
a gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tíì ní òrùlé,
a padà dé afárá láìgun òkè kan ṣoṣo,
ní Ìbàdàn yìí!

"Ẹgbàá ó lé ọgọ́rin," ni Bàbá wí.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tó bẹ́ẹ̀.
Mi ò sọ fún wọn pé ọ̀nà ò gùn sí i.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un kà lọ́la."