Para

Ìwé àjákọ olójú ewé ogójì ni mo rà ní Tákíé,
lọ́wọ́ ọmọ Adéṣọkàn tó ń ta bírò àti káàdì fóònù.
Ó ní, "Ìyá, gbèsè ta lẹ fẹ́ kọ sílẹ̀?"
Mo ní èdè ni mo ń kọ́.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ṣéńjì.

Oyèlékè ọmọ mi ń já ọsàn ní Sípéènì.
Ó fẹ́ Pílà, wọ́n bí Ínẹ́ẹ̀sì,
ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú
bí ẹni ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù:
para, para, para.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo ṣe bí tiwa lọmọ ń sọ.
Ọyẹ́ ń jà, ẹsẹ̀ mi funfun bí ògiri tí a fi ẹfun kùn.
Mo na ọwọ́ sí igbá òrí, mo fi para.
"Mo ti para, ọmọ mi. Wò ó."
Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí àga.

Oyèlékè ní, "Ó ya ẹṣin kan. Ẹ̀yin ló yà á fún.
Para ni 'fún'."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn:
ó so ẹ̀bùn lókùn, ó ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀.
Mo béèrè: àmì ohùn dà?
Ó ní wọn kì í fi sí i.
Ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ ń rìn, ní ìlú tí òtútù pọ̀ tó yẹn?

Ọ̀sẹ̀ kejì, Pílà ń ya irun ọmọ, ọmọ figbe ta: "Para!"
Mo ní, "Fún ta?"
Gbogbo ilé wọn bú sẹ́rìn-ín.
Para kan náà ni "dúró".
Ó ti ju okùn atọ́kùn sílẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀-ìṣe,
ó na ọwọ́ sókè láàárín títì bí ọlọ́pàá.

Mo dán an wò lọ́jọ́ Ajé. Mo gun ọ̀kadà láti Ìsàlẹ̀-Àfọ́n;
a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo ké, "Para!"
Ọmọkùnrin náà ní, "Ìyá, n kì í ta ìpara,"
ó gbé mi kọjá.
Mo fẹsẹ̀ rìn padà, èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Nígbà tí oyún Pílà wọ oṣù rẹ̀,
ìyá rẹ̀ gbàdúrà lórí fóònù, mo sì gbọ́ para níbẹ̀.
Mo ṣe bí ọ̀mọ̀wé: "Ṣé 'fún' ni, àbí 'dúró'?"
Oyèlékè dákẹ́ díẹ̀. "Kò sí méjèèjì níbẹ̀, Màmá.
Ó ní kí ó bímọ láyọ̀. Para ni 'kí ó bí'."

Mo gbé bírò sílẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ní iyàrá ìbímọ.
Aya alágbẹ̀dẹ kan wá láti Ìjẹrù lóru òjò,
mo ní dúró, mo ní tì í, mo ní dúró,
ó bú mi: "Nọ́ọ̀sì, mú ọ̀kan!"
N kò lè mú ọ̀kan. Èémí kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn,
èmi ni mo sì ń kà á.
Àwọn ará ibẹ̀ ti so méjèèjì pọ̀ sẹ́nu kan,
ó dà bíi pé agbẹ̀bí ló sọ èdè wọn lórúkọ.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, fóònù dún. Ọkùnrin ni.
Ínẹ́ẹ̀sì já fóònù gbà, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn bí ọ̀nà Ìlọrin,
para wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
N kò bi ẹnikẹ́ni.
Ọwọ́ mi ti wà nínú igbá òrí:
awọ ọmọ tuntun máa ń gbẹ.