Ibi Tó Ti Le

Láti ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́ ní Gyumri
ni bàbá mi ti ju kọ́kọ́rọ́ Ópẹ̀lì sínú abọ́ ṣúgà.
"Ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi," ló wí.
Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì,
ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibojì ìyá mi,
ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì
láti òkè dé òkè, tí kò kọlu ewúrẹ́ kan rí.

Èmi ni mo gbé e jáde lọ́jọ́ Sátidé.
Mo yí sítíárìn ní kọ̀rọ̀ ilé Vardges,
àfi bí ẹni ń yí ọlọ tó ti rì mọ́lẹ̀.
Mo fi èjìká tì í. Mo bú u.
Ìgbà náà ni mo wá rántí
bí bàbá ṣe máa ń fọwọ́ ra apá ọ̀tún lábẹ́ tábìlì,
bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Hrachik ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó ti dá ẹjọ́:
"Pọ́ǹpù ni. Lọ mú ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta wá."
Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú,
ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta pósí, ikú nìkan lojú rẹ̀ ń rí.
Mo wa mọ́tò wa padà sílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.
Táyà: atẹ́gùn rẹ̀ pé.
Epo sítíárìn dé ojú ìlà, ó pupa bí omi pómégíránétì,
kò hó, kò rùn bí ohun tó jóná.
Bẹ́líìtì fún dáadáa, kò ké.
Mo ní kí Nvard, àbúrò mi, yí i títí dé òpin;
pọ́ǹpù kùn díẹ̀, bí pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ dá ṣe ń kùn.
Mo ń kọ wọ́n sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun,
kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí,
títí àtòkọ ohun tí kì í ṣe fi gùn ju ọ̀nà Yerevan lọ.

Mo fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, mo pa ẹ́ńjìnnì.
Táyà méjèèjì rọ̀ sí òfuurufú,
kò sí ilẹ̀ tí wọ́n ń bá jà mọ́,
síbẹ̀ sítíárìn le.
Líle náà kò sì dọ́gba:
ó le, ó dẹ̀, ó le, ó dẹ̀,
bí ẹni tó ń tiro.

Ẹni tó bá ń tiro, oríkèé là á yẹ̀ wò.
Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí, yìnyín ń yọ́ wọ ọrùn ẹ̀wù mi,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ọ̀pá sítíárìn,
ibi tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò:
oríkèé kan, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ,
iyọ̀ ojú pópó ọdún mẹ́rìnlélógún ti jẹ ẹ́ dìpẹtà.

Vardges tú òmíràn fún mi lára òkú Ópẹ̀lì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.
Ìgò jáàmù ápíríkọ́ọ̀tì méjì ló gbà.

Mo gbé èyí tó ti gan lé bàbá lọ́wọ́:
"Òun ló le. Kì í ṣe apá yín."
Ó gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, tàbí kó jẹ́ pé ó wúkọ́.
"Mo rò pé ogbó ló dé," ló wí,
"mo tilẹ̀ ti sún fún un lórí bẹ́ǹṣì."

Lọ́jọ́ Àìkú ó wa mọ́tò lọ sí ibojì,
ìka méjì ló fi yí kọ̀rọ̀ ilé Vardges.
Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo di òdòdó mú.
Nígbà tá a dúró síbi iná pupa,
ọwọ́ òsì rẹ̀ rọra lọ bá apá ọ̀tún,
ó ń rà á, ó ń rà á.

N kò bèèrè.
Àpò ìyẹ̀fun náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
àyè sì ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀.