Ewé Tí A Kì Í Jẹ

Ṣaléwá lọ, ó fi ewé kan sílẹ̀ fún mi
nínú ike ọ̀dà tí a fi kun pálọ̀ nígbà kan.
Kò sí iṣẹ́ tí ewé náà ń ṣe.
Kì í ṣe ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ,
kì í ṣe ewúro, kì í ṣe ẹfinrin,
òdòdó gan-an kò yọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.
Ó kàn gbòòrò, ó tutù, ó ní àmì funfun tótòtó,
bí ẹni pé ọmọdé kan wọ́n ẹfun sí i lára
tó sì sá lọ.

Ewúrẹ́ Ìyá Bọ́lárìnwá já wọlé lọ́jọ́ kan,
ó bu ewé kan jẹ.
Ẹnu rẹ̀ wú, itọ́ ń dà yọ̀ọ̀,
gbogbo Òkè-Àró ló gbọ́ igbe rẹ̀.
"Bàbá Fẹ́hìntọlá, kí lẹ fẹ́ fi ewé tí ewúrẹ́ kò lè jẹ ṣe?"
Mi ò ní èsì.
Mo gbé e wọ yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ omi ìjọba l'Álàgbàká.
Mo mọ páìpù, mo mọ fáàfù,
mo mọ orúkọ gbogbo àdúgbò tí omi kì í dé.
Nítorí náà mo ń bu omi fún un
láàárọ̀, lọ́sàn-án, kí n tó sùn,
bí ẹni ń san gbèsè.
Ewé ìsàlẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ.
Èyí tó tẹ̀ lé e rọ.
Òórùn kànga àtijọ́ ń ti inú ike náà jáde.

Olújọkẹ́, àbúrò rẹ̀, ló ti Oǹdó wá.
Ó ti ìka bọ inú ilẹ̀ náà dé oríkèé kejì,
ó fà á yọ, ó wò mí:
"Ẹ ti fẹ́ rì í pa.
Tí ìka bá gbẹ, ẹ fún un lómi.
Tí ìka bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́."
Ó fi ìṣó gbígbóná dá ihò mẹ́rin sí ìdí ike,
ó fi aṣọ wé ọwọ́ nítorí oje,
ó gé ibi tó ti jẹrà sọnù,
ó gbin orí tó kù sínú iyanrìn àti èèpo kòkó.
"Ẹ má gbé e sójú oòrùn o.
Abẹ́ igi ńlá ni ìran rẹ̀ ti wá,
ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ́ gba inú aṣọ fèrèsé wọlé ti tó o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan.
Ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo ilé.
Mo fi àkísà tútù nu àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kan lókè,
bí wọ́n ti ń nu ojú ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti pẹ́.
Mo mọ̀ ọ́n ṣe.
Oṣù méje ni mo fi ṣe é nínú yàrá yìí kan náà.

Lánàá, bí mo ṣe ká aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́,
nǹkan kan ti yọ lókè, ó ká rodo
bí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.
Mi ò fọwọ́ kàn án.
Mo ti ìka bọ ilẹ̀.
Ó ṣì tutù.
Mo gbé ife omi náà sẹ́nu, mo mu ún.