Imú Ò Nílẹ̀kùn

Ọjọ́ Àlàmísì ni Kóvì wá tẹ́ ẹ,
kápẹ́ẹ̀tì pupa bí ojú obì,
láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ àga Màámi.
Àbúrò mi Gáníyù ló fowó ránṣẹ́ láti Gàbọ̀n:
"Sìmẹ́ǹtì yẹn ti tutù jù fún ẹsẹ̀ àgbà.
Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ síbẹ̀ kí òjò tó dé."
Kóvì kúnlẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ra gọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀,
ó ń súfèé, ó ń fọ̀bẹ gé etí rẹ̀,
ó gbowó, ó gun zẹ́mì lọ.
Ó mú ọ̀bẹ lọ, ó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ.
Òórùn nìkan ni ò bá a lọ.

Kí ni kí n fi wé?
Táyà tuntun tó sùn sínú oòrùn.
Bẹntiróò inú ìgò
tí wọ́n pàtẹ sétí títì Àjàṣẹ́.
Ike tí iná ń jẹ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.
Ó wọnú omi àmù.
Mo bu àkàsà sẹ́nu, kápẹ́ẹ̀tì ni mo gbé mì.
Ojú, mo lè dì í. Etí, mo lè fi òwú dí i.
Imú ò nílẹ̀kùn;
ẹni tó bá ti imú pa, ẹ̀mí ló tì síta.

Ìyá Afúsátù yọjú láti ilé kejì:
"Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ́n sí i, kó sùn mọ́jú."
A wọ́n iyọ̀.
Ilẹ̀ mọ́, a gbá iyọ̀ olóòórùn gọ́ọ̀mù.
Sídíkátù ní èédú ló ń fà á mu.
A gbé abọ́ èédú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin;
ọmọ rẹ̀ ta abọ́ kan dànù,
ibi tó pupa di àgbàlá alágbẹ̀dẹ.
Mo se ewé tíì, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sáàárín pálọ̀:
òórùn méjì wá ń jà,
èmi ni wọ́n ń gbá létí.
Mo ṣí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà,
mo ṣí èyí tó kọjú sí títì.
Atẹ́gùn ọ̀sà wọlé tòun ti ẹja yíyan,
ó yọjú wo ilé, ó padà sẹ́yìn.
Lọ́jọ́ kẹrin, mo búra:
bílẹ̀ bá mọ́, Kóvì á wá ká ẹrù rẹ̀.

Màámi nìkan ni ò ráhùn.
A ti gbé ibùsùn rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn
nítorí àyà rẹ̀ tó máa ń fún.
Mo jí lóru, ibùsùn ṣófo.
Mo bá a ní pálọ̀, nínú òkùnkùn,
ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fẹ̀rẹ̀kẹ́ lé kápẹ́ẹ̀tì
bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí.
"Màámi! Èyí á pa yín!"
Ó ní, "Rọra pariwo.
Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé ni."

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tá a ti sìnkú Bàbá,
aránbàtà ẹ̀gbẹ́ ọjà Wàǹdó,
tí gọ́ọ̀mù ń gbẹ lórí èékánná rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja,
tá a máa ń gbóòórùn rẹ̀
ká tó gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
tí Màámi máa ń jágbe mọ́ lójoojúmọ́:
"Lọ fọwọ́ ná, kó o tó fọwọ́ kan ọmọ mi!"
Kò sí ọṣẹ tí ò lò. Òórùn ò lọ.
Ìgbà tó kú ló tó lọ:
ó kúrò lára aṣọ, ó kúrò lára ìrọ̀rí,
a ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó kúrò nílé pátápátá.

Mo jókòó tì í.
Mo fa imú, mo wúkọ́,
mo tún fa imú.

Lówùúrọ̀ mo kó èédú padà sí àdògán.
Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ Màámi, mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, àyà rẹ̀ ni.
Èkejì, mo tì í.
Gáníyù pè: "Òórùn yẹn ńkọ́? Ó ti ń lọ?"
Màámi gbójú sókè, ó ń wò mí lẹ́nu.
Mo ní, "Ó ń lọ.
Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ.
A ò lé e mọ́."